Àgbéyẹ̀wò Grasshopper fún Ẹni Tó Ń Ya Pílánù Ilé ní Ìkòròdú

Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ orúkọ Grasshopper, sọ́fítíwíà tí a fi ń ya àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà, àwọn ilé ńlá tí ara wọn ń yí bí ìgbì omi, irú Heydar Aliyev Center tí ọ́fíìsì Zaha Hadid yà fún ìlú Baku, ni ọkàn wọn máa ń lọ sí. Kò tíì sí ẹni tó gbé irú rẹ̀ wá bá mi ní Ìkòròdú. Ohun tí àwọn onílé ń gbé wá ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́rin lórí ìdajì pulọ́ọ̀tì, ṣọ́ọ̀bù ní ìsàlẹ̀ tí ìdílé ń gbé lókè rẹ̀, ilé-ìwé aládàáni, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ojú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fi wo sọ́fítíwíà yìí. Ìdájọ́ mi ni pé ó wúlò fún ọ́fíìsì kékeré ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ, àti pé ibi tó ti wúlò jù ni ibi tí kò sí ẹni tó ń fi ṣe ìpolówó: àtẹ̀gùn, òrùlé, àti ògiri tó kọjú sí oòrùn ìrọ̀lẹ́.

A kì í ra Grasshopper lọ́tọ̀, inú Rhino, sọ́fítíwíà tí a fi ń ya àwòrán 3D, ló wà. David Rutten, tó ń bá Robert McNeel & Associates ṣiṣẹ́, ló kọ ọ́; Seattle ní Amẹ́ríkà ni ilé-iṣẹ́ náà wà. Ọdún 2007 ló kọ́kọ́ jáde, Explicit History ni wọ́n sì ń pè é nígbà náà. Títí di ìgbà tí Rhino 6 fi dé ní ọdún 2018, ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wá a lọ́tọ̀ kó tó gbé e sórí Rhino. Rhino 8, tó jáde ní ìparí ọdún 2023, ni mo ń lò. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòroó ṣàlàyé. Dípò kí a máa fa ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, àwọn àpótí kéékèèké ni a ń tò sójú kọ̀ǹpútà. Àpótí kan ń gba òǹkà, òmíràn ń pín in, òmíràn ń fi èsì rẹ̀ ya ìlà tàbí ògiri, wáyà ni a sì fi ń so wọ́n pọ̀ láti òsì sí ọ̀tún. A kò kọ kóòdù kankan, síbẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà gidi ni a ń kọ. Ohun tó bá jáde á hàn ní àwọ̀ pupa nínú fèrèsé Rhino, bí a bá sì yí òǹkà kan padà, gbogbo ohun tí wáyà so mọ́ ọn níwájú á tún ara rẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní parametric nìyẹn: pé kí á máa ya ìbátan tó wà láàárín òdiwọ̀n kan àti òmíràn, kí àwòrán fúnra rẹ̀ máa jáde láti inú ìbátan náà.

Èrò yìí ti wà tipẹ́ kí Grasshopper tó dé. Ní ọdún 1963, Ivan Sutherland fi ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ Sketchpad hàn ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà pé kọ̀ǹpútà lè rántí òfin tí a fi de ìlà méjì, kó sì máa pa á mọ́ nígbà tí a bá sún ọ̀kan nínú wọn. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni òrùlé ibùdókọ̀ ojú irin Waterloo International tí ọ́fíìsì Nicholas Grimshaw yà ní London, tí wọ́n parí ní 1993. Ojú irin tó wọ ibẹ̀ tẹ̀ kọrọ, ilẹ̀ náà fẹ̀ lápá kan, ó sì fún lápá kejì, nítorí náà irin 36 tó tẹ̀ bí òṣùmàrè tó gbé òrùlé náà dúró kò ní ìbú kan náà. Ẹyọ kan ni wọ́n yà, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo òdiwọ̀n rẹ̀ máa tẹ̀lé ìbú ibi tó bá bọ́ sí. Àwọn yòókù jáde láti ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọn ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n gé tà lẹ́yìn Sábó tàbí lọ́nà Èbúté rí kò ní béèrè ohun tó kan wá nínú ọ̀rọ̀ London. Pulọ́ọ̀tì tí wọ́n pè ní 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 lórí ìwé kì í sábà ní igun mẹ́rin tó gún.

Ẹ jẹ́ kí a fi àtẹ̀gùn yẹ sọ́fítíwíà náà wò, nítorí kò sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní in, òun ló sì máa ń da pílánù rú jù nígbà tí onílé bá yí ọkàn padà. Ká ní láti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dé ojú dẹ́kìn jẹ́ 3,000 mìlímítà, tí a kò sì fẹ́ kí ìgbésẹ̀ kankan ga ju 175 lọ. Mo fi ọ̀pá òǹkà kan, èyí tí a ń fà síwá-sẹ́yìn láti yí òǹkà padà, dúró fún gíga ilé, mo fi òmíràn dúró fún 175. Àpótí kan fi 175 pín 3,000, òmíràn pín èsì náà sí méjì, nítorí pé ẹ̀ka méjì tó dọ́gba ni àtẹ̀gùn náà máa ní pẹ̀lú ibi ìsinmi láàárín wọn. Ohun tó jáde ni 8.57, àpótí tí wọ́n ń pè ní Round sún un sókè sí 9, a sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di ìgbésẹ̀ 18. Gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 167. Òfin tí gbogbo wa kọ́ nílé-ìwé, pé ìlọ́po méjì gíga ìgbésẹ̀ pẹ̀lú ìbú ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kó tó nǹkan bí 600, ló sọ pé kí ìbú rẹ̀ jẹ́ 267. Ẹ̀ka kan tó ní ìgbésẹ̀ 9 máa ń ní ojú ìtẹ̀sẹ̀ 8, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 2,133.

Onílé kan, Alhájì tó ti dàgbà, ní àwọn fẹ́ kí pálọ̀ ìsàlẹ̀ ga sí i nítorí POP àti fáànù. Mo fa ọ̀pá òǹkà lọ sí 3,300 lójú wọn. Ìgbésẹ̀ di 20, gíga rẹ̀ di 165, ìbú rẹ̀ di 270, gígùn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì di 2,430: àtẹ̀gùn ti jẹ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ilé ìdáná. Mo dá a padà sí 3,150. Níbẹ̀, ìgbésẹ̀ ṣì jẹ́ 18, gíga rẹ̀ jẹ́ 175 gẹ́lẹ́, ìbú rẹ̀ 250, ẹ̀ka náà sì kúrú dé 2,000. Ilé ga sí i, síbẹ̀ àtẹ̀gùn kúrú sí i, àmọ́ orúnkún ni yóò san gbèsè rẹ̀. Alhájì wo ó, wọ́n ní, “Eléyìí ni kí ẹ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn díẹ̀.” Mo wá fa ọ̀pá kejì, mo sọ 175 di 165. Ìgbésẹ̀ padà di 20, gíga rẹ̀ di 157.5, gígùn ẹ̀ka kan sì di 2,565, wọ́n sì rí i fúnra wọn pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò ni a máa fi dí i. Ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọ̀sẹ̀ kan fà, tí a ó máa tẹ pílánù tuntun jáde, tí wọ́n á máa dá a padà, parí lórí ìjókòó kan. Bí sọ́fítíwíà yìí kò bá ṣe ju èyí lọ, mo ṣì máa ní kí ayàwòrán ilé kọ́ ọ.

Ti òrùlé náà kò kéré. Páànù alumíníọ̀mù long-span, gígùn tí a bá béèrè ni wọ́n ń gé e sí níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, owó mítà kọ̀ọ̀kan ni a sì ń san. Bí ilé bá gún ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìṣirò rẹ̀ rọrùn: igi òrùlé tó bo 4 mítà lórí ilẹ̀, tí ó sì dagun ní 25 dìgírì, gígùn rẹ̀ jẹ́ 4.41 mítà. Ṣùgbọ́n bí ògiri ẹ̀yìn bá ti tẹ̀lé ilẹ̀ tó yà, tí òrùlé sì dà sí ọ̀nà mẹ́rin, gígùn páànù kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ káfíńtà máa ń ṣe ni pé kí wọ́n ní kí gbogbo rẹ̀ gùn tó èyí tó gùn jù, kí wọ́n sì gé èyí tó bá ṣẹ́ kù dànù lórí òrùlé. Nínú Grasshopper, a lè pín ojú òrùlé kọ̀ọ̀kan sí ìbú páànù, kí a wọn gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì kó gbogbo rẹ̀ jáde bí àkọsílẹ̀ tí onílé lè gbé lọ bá olùtà. A gbọ́dọ̀ fi àyè tí páànù á fi gun ara wọn kún un, nítorí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ àyàfi bí a bá sọ fún un.

Mo wá dé orí oòrùn, tí mo fẹ́ràn jù. Ìkòròdú wà ní nǹkan bí 6.6 dìgírì sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán kì í dúró sí apá kan. Lóṣù Òkúdù, àríwá wa ló ń gbà kọjá, gíga rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 73 dìgírì. Lóṣù Ọ̀pẹ, gúúsù ló ń gbà, ní nǹkan bí 60. Òrùlé tó bá yọ síta dáadáa lè ṣíji bo ògiri méjèèjì wọ̀nyí. Ti ìwọ̀ oòrùn ló le. Lóṣù Ẹrẹ́nà, bí agogo bá ti ń sún mọ́ márùn-ún ìrọ̀lẹ́, oòrùn á ti rẹlẹ̀ dé nǹkan bí 30 dìgírì, òrùlé tó yọ síta ní 600 mìlímítà kò sì lè bo ju nǹkan bí 350 mìlímítà lọ lára ògiri tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyókù ògiri náà á máa yan, yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì gbóná di ọ̀gànjọ́. Ladybug, ohun àfikún ọ̀fẹ́ tí Mostapha Sadeghipour Roudsari bẹ̀rẹ̀, lè ya ipa ọ̀nà oòrùn yìí sórí ilé wa gan-an. Ó sì tún ń ka fáìlì ojú ọjọ́ tó ní wákàtí 8,760 tó wà nínú ọdún kan.

Mo fi í ṣiṣẹ́ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè kan tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, èyí tí a fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù oníhò dí kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ìbéèrè tí mo bi kọ̀ǹpútà ni pé, báwo ni ihò búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ṣe lè tóbi tó kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má baà dé ẹnu ọ̀nà yàrá? Ó dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì lẹ́wà lójú: ihò kékeré níbi tí oòrùn ti le jù, ihò ńlá ní apá ibi tí igi àgbọn aládùúgbò ń ṣíji bò. Àmọ́ kò sí búlọ́ọ̀kù méjì tó bára mu. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ àwòrán irú èyí ti máa ń kú sí. Mo fi han ọ̀gá bíríkìlà tó ń bá wa ṣiṣẹ́, bàbá tó ti ń kọ́lé kí n tó wọ ilé-ìwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹyọ búlọ́ọ̀kù kan ni ẹ fẹ́ kí n máa tẹ̀ lóòjọ́ ni?” Mo bi wọ́n pé, “Bàbá, irú mélòó ni ẹ lè ṣe láìsí wàhálà?” Wọ́n ní mẹ́ta, nítorí àpótí irin tí àwọn fi ń tẹ̀ ẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé àwọn ọmọ iṣẹ́ á máa ṣì í mú bí ó bá pọ̀ ju mẹ́ta lọ.

Àpótí Round kan ṣoṣo ni mo fi kún un kí gbogbo ihò náà lè bọ́ sí ìwọ̀n mẹ́ta. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òjìji ti àkọ́kọ́ àti ti èyí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí i lójú àwòrán, ibẹ̀ ni mo sì ti gbà pé bíríkìlà náà wà lára àwọn tó ya ògiri ọ̀hún. Lẹ́yìn èyí, mo kó òǹkà jáde ní ìlà-ìlà: ìlà búlọ́ọ̀kù kìíní láti òsì sí ọ̀tún, 1, 1, 2, 3, 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé ìlà òkè. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù kí wọ́n tó gbé e lọ sókè, wọ́n sì fi ọ̀rá wé bébà náà nítorí òjò. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí iṣẹ́ náà tó ní láti mọ ohun tó ń jẹ́ Grasshopper.

Galapagos náà wà nínú rẹ̀, àpótí tó ń fa àwọn ọ̀pá òǹkà fúnra rẹ̀ títí yóò fi rí èyí tó dára jù. Ó wúlò fún ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, nítorí òǹkà kan ni ó lè gbé ga tàbí rẹ̀ sílẹ̀. Ilé kì í ní ohun kan ṣoṣo tí a ń wá, n kò sì fi bẹ́ẹ̀ lò ó.

Àléébù rẹ̀ kò farasin. Àkọ́kọ́ ni bó ṣe ń to nǹkan sí ẹ̀ka àti ẹ̀ka kékeré nígbà tí òǹkà bá ti pọ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní data tree. Ẹni tó ń kọ́ ọ á máa bá a nìṣó ní ìrọ̀rùn títí dé ibẹ̀, lójijì ni ìlà méjìlá á sì so mọ́ ìlà kan tí kò yẹ, tí àpótí á di àwọ̀ ọsàn láti fi ṣe ìkìlọ̀, tàbí kó di pupa pátápátá, èyí tó túmọ̀ sí pé kò lè ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Kò sí ọ̀nà àbùjá, àyàfi kí a jókòó kọ́ bí Graft, tó ń fún ohun kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tirẹ̀, àti Flatten, tó ń kó gbogbo rẹ̀ padà sí ẹ̀ka kan, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìkejì ni pé wáyà máa ń lọ́ mọ́ra. Fáìlì tí a kò bá pín sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, tí a kò sì fún ní orúkọ, ẹni tó ṣe é gan-an kò ní mọ ojú rẹ̀ mọ́ bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ká má tíì sọ ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì. Ìkẹta ni pé ní kété tí a bá ti ní kó sọ àwòrán náà di ti Rhino gidi, èyí tí wọ́n ń pè ní bake, okùn tó so ó mọ́ òǹkà ti já nìyẹn. Bí onílé bá tún yí ọkàn padà, a ó nu èyí tó wà nílẹ̀ kúrò, a ó sì tún un ṣe.

Èyí tó kan wa jù ní Èkó ni ti ìwé pílánù. Rhino mọ ojú àti ìlà. Kò mọ̀ pé ògiri ni ògiri, tàbí pé ilẹ̀kùn ni ó wà nínú rẹ̀. Kí ìwé tó lè lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí i, iṣẹ́ ṣì pọ̀ lórí fífi òdiwọ̀n sí i, títo ojú ìwé àti kíkọ àkọlé, mo sì máa ń parí rẹ̀ nínú sọ́fítíwíà mìíràn. Láti Rhino 7 ni Rhino.Inside.Revit ti wà, èyí tó ń jẹ́ kí Grasshopper ṣiṣẹ́ tààrà nínú Revit, sọ́fítíwíà mìíràn fún pílánù ilé, kó sì ṣe ògiri tó jẹ́ ògiri, àmọ́ ẹni tó ní méjèèjì ni ìyẹn wà fún. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí dẹ́kìn bá ti dúró lójú kọ̀ǹpútà, á dúró lórí ilẹ̀ náà nìyẹn. Karamba3D, ohun àfikún mìíràn, lè ṣe ìṣirò agbára irin àti òpó nínú Grasshopper, síbẹ̀ ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ní ti owó, 995 dọ́là ni wọ́n ń ta Rhino 8 fún oníṣẹ́ nígbà tó jáde, 195 dọ́là sì ni ti akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, owó gọbọi ni. Ohun tó gbà á sílẹ̀ lójú tèmi ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ń san án, Grasshopper sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lọ́dún tó ń bọ̀ nítorí pé dọ́là ti gbówó lórí. Kọ̀ǹpútà àgbélétan tó ní 8GB lè gbé àtẹ̀gùn àti òrùlé láìráhùn. Àmọ́ iṣẹ́ oòrùn á mú kí ó gbóná, kí ó sì máa fà, a sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a ti lè pa ìṣirò rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀ kí a tó sún ọ̀pá òǹkà mélòó kan papọ̀, pàápàá lọ́jọ́ tó jẹ́ pé ínfátà nìkan la ní.

Ẹni tó ń yà ẹ̀sítéètì ní apá Ẹ̀pẹ́, níbi tí ilé irú kan náà ti ń to tẹ̀lé ara wọn, tí ọ́fíìsì rẹ̀ sì ti ń san owó Revit lọ́dọọdún, Dynamo, ètò tó ń ṣe irú iṣẹ́ Grasshopper nínú Revit, ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ian Keough ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń bá Revit wá láìsan owó mìíràn, iṣẹ́ bíi kíkọ nọ́ńbà sí gbogbo ilẹ̀kùn ọgọ́rùn-ún ilé sì bá a mu ju Grasshopper lọ. Ẹni tí kò ní owó kankan lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Geometry Nodes tó wà nínú Blender, sọ́fítíwíà àwòrán 3D, láti ọdún 2021, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀nà ìrònú rẹ̀ jọra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ka mìlímítà sí tó bí ayàwòrán ilé ṣe fẹ́.

Fún àwa tó jẹ́ pé ilé kan-kan lórí ilẹ̀ tó yà ni iṣẹ́ wa, Rhino pẹ̀lú Grasshopper ni mo máa ní kí a rà. Ọjọ́ 90 ni wọ́n fún ènìyàn láti lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò ní jẹ́ kí a fi iṣẹ́ pamọ́ mọ́, àwọn ohun àfikún bíi Ladybug kò sì ní ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò má gbé e sórí kọ̀ǹpútà títí di ìgbà tí iṣẹ́ gidi kan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí onílé rẹ̀ kò sì tíì pinnu bí pálọ̀ ṣe máa ga tó.